Ọ̀rọ̀ Kejìlá

Mo dá èdè kan sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Valencia.
Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ.
Kò sí ìfẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ikú,
ẹ kò lè fi í kí ènìyàn kú àárọ̀.
Omi nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ:
ibi tí omi ti ń bọ̀, ilẹ̀kùn tí yóò gbà,
oko ta ni, wákàtí mélòó.

Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó rẹwà.
Àpótí ni ilẹ̀kùn, ọfà ni omi,
mo ń gbé wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń tẹ́ tábìlì fún àlejò,
ẹ̀rọ á sì sọ àwòrán náà di àṣẹ
tí ilẹ̀kùn irin létí ọ̀nà omi yóò gbọ́,
tí yóò ṣí, tí yóò tì.

Ṣùgbọ́n Onofre kì í gbé kọ̀ǹpútà lọ sóko.
Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.
Fóònù ló wà lápò rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ti sán,
àtàńpàkò rẹ̀ sì nípọn bí èèkàn:
bó bá tẹ ilẹ̀kùn kan, mẹ́ta á dáhùn.
“Remei,” ó ní, “èdè rẹ dára, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.
Oòrùn jẹ ìdajì rẹ̀, ìka mi bo ìyókù.”

Mo padà sílé, mo gé e.
Ọfà tó tín-ín-rín, mo sọ ọ́ di ọ̀nà tó gba ìka.
Ohunkóhun tí a kò lè fi ọwọ́ kan sọ
nígbà tí ọwọ́ kejì di ọkọ́ mú,
mo yọ ọ́ dànù.
Mo kọ́ ọ ní agídí pẹ̀lú:
bí o bá fa omi lọ sóko láì dárúkọ wákàtí,
ọfà náà á ká kò bí ọ̀kùn tí a fọwọ́ kàn.
Ìyẹn ni mo fi ń yangàn níwájú àwọn olùkọ́ mi,
èdè tí kò ní àṣìsọ.

Oṣù Keje. Ọ̀dá.
Omi tó kù nínú ọ̀nà ńlá kò bo kókósẹ̀.
Ó pè mí ní aago márùn-ún ìdájí.
Mo bá a lórí afárá kékeré,
ó ń fa ọfà láti oko ọsàn tirẹ̀
lọ sí oko àlùbọ́sà Amparo Llopis, opó.
Ọfà kọ̀. Ó tún fà á. Ọfà kọ̀.
“Oko kì í fún oko lómi,” mo ṣàlàyé.
“Ilẹ̀kùn ló ń fún oko. Òfin rẹ̀ nìyẹn.”
Ó wò mí pẹ́.
“Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?”

Ó lóṣòó. Ó fi ìka ya oko méjì sínú erùpẹ̀,
ó fa ìlà láàárín wọn,
ó sì tẹ orí ìlà náà kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja,
ó kọjú padà síbi tó ti wá.
“Mo yá a ní wákàtí mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò dá a padà,
kí a má bẹ́gi dínà ọ̀la.
Bàbá mi yá bàbá ọkọ rẹ̀.
Ṣé èdè rẹ kò gbọ́ èyí?”

Kò gbọ́.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi ka ilẹ̀kùn, tí mo wọ̀n wọ́n,
n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè
ohun tí ènìyàn ń ṣe
nígbà tí àlùbọ́sà aládùúgbò bá ń kú.

Ọwọ́ la fi ṣí i lọ́jọ́ náà, èmi àti òun.
Ìpata dọ̀tí bo aṣọ mi títí dé igbáàyà.
Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ kejìlá ti wọ fóònù,
ìwọ̀ kékeré kan, àwọ̀ erùpẹ̀.

Onofre tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jù.
Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.
Lókèèrè, irin kan ké.
Kò yìn mí.
“Ó ku òjò,” ó ní,
ó sì ti fóònù bọ àpò.